Tọkọtaya àgbà tó ń lọ míṣọ̀n lẹ́yìn odi: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ẹ wá bá wa dá sí i

ÌyáBódìjà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Bàbá àwọn ọmọ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, èmi náà ti kúrò nílé ìwé girama tí mo ti jẹ́ ọ̀gá. Àwọn obìnrin ti wà nílé ọkọ, àbíkẹ́yìn ti ríṣẹ́. Ó pẹ́ tí bíṣọ́ọ̀pù wa, nínú Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn (tí àwọn èèyàn ń pè ní Mọ́mọ́nì), ti ń bá wa sọ ọ́ pé ká lọ míṣọ̀n gẹ́gẹ́ bíi tọkọtaya àgbà, a sì ti ń kọ fọ́ọ̀mù báyìí. Wọ́n ní ká sọ iye oṣù tó wù wá, 6, 12, 18 tàbí 23, ká sì sọ ibi tójú wa wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Salt Lake, ibi tí olú ilé ìjọ wà l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti máa pinnu. Bàbá ń wo Gánà. Ojú tèmi wà ní Kútọnu torí ó sún mọ́lé.

Mi ò béèrè nípa ìwàásù, ìyẹn ò ṣòro fún wa. Ìgbé ayé ibẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀. Kí ni wọ́n ń jẹ? Ta ló ń fọ abọ́? Ṣé lóòótọ́ ni pé a ò ní lè máa bá àwọn ọmọ-ọmọ wa sọ̀rọ̀ bó bá ṣe wù wá? Ẹnì kan tún sọ fún bàbá pé ọkùnrin tí kò tó àbúrò wọn lọ́jọ́ orí ni yóò máa rán wọn níṣẹ́. Látìgbà yẹn ni wọn ò ti sọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù mọ́.

ỌmọỌ̀yọ́
Ẹ kú ìmúra, mà. Kútọnu lèmi àti ọkọ mi ti ṣe tiwa, ní ọ́fíìsì míṣọ̀n.

Ó sún mọ́lé lóòótọ́. Aago wọn àti tiwa dọ́gba, ẹ ò sì nílò físà láti gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá torí ọmọ ECOWAS ni wá. Àmọ́ 90 ọjọ́ nìyẹn wà fún. Bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé ìgbélùú ni, ọ́fíìsì míṣọ̀n ló sì ń bá èèyàn sáré rẹ̀. Èmi gan-an ni mo ń sáré rẹ̀ nígbà náà, torí náà ẹ gbọ́ tẹnu mi: ẹ mú ìwé ìbí àti ìwé ìgbéyàwó tó ṣeé kà dání, kì í ṣe èyí tí eku ti jẹ létí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u sí Faransé kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ó rọrùn láti ṣe é n'Íbàdàn ju kẹ́ ẹ máa wá ẹni tó máa ṣe é níbẹ̀ lọ.

Faransé ni wọ́n fi ń ṣe ìsìn. Ìyẹn lè dẹ́rù ba èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ kọjá sí Àjàṣẹ́ ná, ìyẹn Porto-Novo, Yorùbá ni ẹ ó máa gbọ́ lọ́tùn-ún lósì nínú ọjà, tẹ́ ẹ bá sì lọ sókè lọ́hùn-ún, ní Sàkẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀ títí dé Kétu, ilé lẹ wà. Ìyá kan wà tó ń ta àkàsà. Ó wo báàjì dúdú tó wà láyà mi, ó ní, "Ẹ̀yin àti àwọn ọmọ tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn lẹ jọ dé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo irun funfun orí mi, ó tún wo báàjì náà, ó fi ènì méjì sí i. "Àgbà tó ṣì ń ṣe báyìí," ó ní, "ẹ gbà, ẹ jẹun." Gbogbo ọjọ́ ọjà lẹ́yìn ìyẹn ló ń béèrè bàbá lọ́wọ́ mi.

Ní ti oúnjẹ, kí bàbá fọkàn balẹ̀. Àmàlà wà ní Bẹ̀nẹ̀, télibo ni wọ́n ń pè é, ẹ̀lùbọ́ iṣu náà ni.

Ibi tó le ni mo fẹ́ sọ wàyí, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún èmi. Nílé wa l'Ọ́yọ̀ọ́, kò sí ọjọ́ tí wọn kì í kanlẹ̀kùn. Ọmọ àbúrò ni, ayálégbé ni, ẹni tó fẹ́ yáwó ni, ẹni tó kàn ń kọjá lọ tó ní kóun yà kí wa ni. Èèyàn a máa kùn pé wọn ò jẹ́ kóun sinmi. Ní Kútọnu, àwa méjèèjì ló kù. A jọ jí, a jọ wọkọ̀, a jọ jókòó sí ọ́fíìsì kan náà, a jọ padà wálé wá jẹun. Pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo ti lò nílé ọkọ mi, mi ò mọ̀ pé ó máa ń bá kọ̀ǹpútà jà. Òun náà ò mọ̀ pé mo máa ń kọrin kan ṣoṣo lákọtúnkọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò sí ọmọ tó máa yà wá, kò sí ẹ̀gbọ́n tá a máa fẹjọ́ sùn.

Ohun tó gbà wá ni pé a jẹ́ kí iṣẹ́ wa yàtọ̀. Mo ní kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú fún mi, kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti owó ilé fún bàbá. Lọ́jọ́ Alámìísì, mo máa ń lọ bá àwọn obìnrin Ẹgbẹ́ Ìrànlọ́wọ́ ránṣọ, èmi nìkan. Bàbá náà a máa rìn lọ sétí òkun. Bá a bá tún pàdé lálẹ́, a ti ní ohun tá a máa sọ. Tí wọ́n bá fẹ́ fún ẹ̀yin méjèèjì ní tábìlì kan, mà, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín ní méjì.

Alábòójútó
Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá fẹ́ bá ÌyáBódìjà sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ kó lo àpótí lẹ́tà. Ẹ má kọ nọ́ńbà fóònù síta.

BàbáÒkèÀdó
Ẹ sọ fún bàbá pé mo kí wọn. Ọ̀rọ̀ ọmọdé tó ń rán àgbà níṣẹ́ yẹn, èmi ló yẹ kí n dáhùn rẹ̀ torí òun lèmi náà bá lọ.

Ààrẹ míṣọ̀n wa ní Freetown, ní Sierra Leone, kéré sí mi dáadáa. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní, "Ẹ́ldà," bí wọ́n ṣe ń pe míṣọ́nárì ọkùnrin nìyẹn, "mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi yẹ ilé àwọn ọmọ wò, gbogbo rẹ̀ pátá." Inú mi ru díẹ̀. Èmi tí mo ti ń buwọ́ lu fáìlì! Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ọkùnrin náà ní ọ̀dọ́ míṣọ́nárì tó lé ní 100 lọ́rùn, ọmọ ẹlòmíì ni gbogbo wọn, àìsàn ọ̀kan ni, ìrẹ̀wẹ̀sì ìkejì ni, ìjà àwọn méjì tó jọ ń gbé ni. Nígbà tó yá, alẹ́ ló máa ń pè mí. Kì í ṣe láti rán mi níṣẹ́, ó kàn fẹ́ kí àgbà kan bá òun wo ọ̀rọ̀ kan ni. Ipò tí bàbá máa ní nìyẹn, kò sí nínú fọ́ọ̀mù.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ṣáájú pé ọmọ 19 ọdún yóò na ọwọ́ sí wọn láti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, kí wọ́n bọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, yóò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kó tó rántí pé míṣọ́nárì lòun.

Iṣẹ́ yíyẹ ilé wò yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ohun tá à ń wò ni asẹ́ omi, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lórí ibùsùn kọ̀ọ̀kan, sílíńdà gáàsì, ilẹ̀kùn tó ń tì. Ìyàwó mi ló ń wo ilé ìdáná. Ẹ ò tíì rí ìkòkò títí tẹ́ ẹ máa fi ṣí ìkòkò ẹ̀wà táwọn ọmọkùnrin mẹ́rin gbàgbé sórí sítóòfù láti ọjọ́ Ajé! Kò bá wọn wí. Ó bu omi gbígbóná, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó ní kí wọ́n dúró yí òun ká kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń họ ìkòkò. Nígbà tá a padà síbẹ̀, ẹ̀wà ni wọ́n sè dè wá. Ó dára, iyọ̀ rẹ̀ ló pọ̀.

Ẹni tí wọ́n bá gbé lọ sí Freetown, kó múra sílẹ̀ fún òjò. Oṣù Keje àti Kẹjọ, òjò ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa rárá. Bàtà aláwọ á bu nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ fi sùúrù wa ọkọ̀ lórí àwọn òkè yẹn, tàbí kẹ́ ẹ má wà á rárá. Nǹkan kan tún wà tó máa dùn mọ́ yín: àwọn Krio, ìyẹn àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, ń jẹ orúkọ wa, wọ́n ń fi ògìrì sebẹ̀, wọ́n ń din àkàrà, wọ́n sì ń ṣe àwùjọ fún àwọn òkú wọn. Wọ́n pè wá sí ọ̀kan. Ìyàwó mi ní òun ò mọ̀ pé a ti rìn jìnnà sílé.

DíákónìÒgbómọ̀ṣọ́
Ẹ má bínú o, èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ yín, Onítẹ̀bọmi ni mí. Àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ìjọ yín ló ní kí n wá kà á. Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi. Ta ló ń sanwó? Lọ́dọ̀ wa, tí ìjọ bá rán èèyàn jáde, ìjọ ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀.

BàbáÒkèÀdó
Ẹ káàbọ̀, sà. Àwa la ń san tiwa: ilé, oúnjẹ, ìwòsàn. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ àwọn tó ti tọ́ ọmọ tán ló sábà máa ń lọ.

DíákónìÒgbómọ̀ṣọ́
Háà. Ẹ fẹ̀yìn tì tán kẹ́ ẹ tún fi owó ìfẹ̀yìntì ṣe é. Ẹ kú ìfaradà.

Ọ̀mọ̀wéKéékèèké
Kì í ṣe òní ló ti bẹ̀rẹ̀, sà. Kò sí ọ̀dọ́ nínú àwọn tí ìjọ wa kọ́kọ́ rán wá sí Nàìjíríà àti Gánà. Oṣù Kẹfà 1978 ni ìjọ kéde pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú lè gba oyè àlùfáà. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, tọkọtaya méjì ti dé láti Amẹ́ríkà, Rendell àti Rachel Mabey, Edwin àti Janath Cannon. Wọ́n bá àwọn èèyàn tó ti ń ṣèjọ láyè ara wọn tí wọ́n ti ń kọ lẹ́tà sí Salt Lake fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 21 oṣù Kọkànlá 1978, wọ́n ri Anthony Obinna bọmi nílẹ̀ Ìgbò, òun lẹni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Nǹkan bí ọdún kan ni wọ́n lò, láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, wọ́n sì ti ri èèyàn tó lé ní 1,000 bọmi kí wọ́n tó lọ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní iṣẹ́ ìyá àgbà àti bàbá àgbà kọ́ nìyí, ẹ bi í pé ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

DíákónìÒgbómọ̀ṣọ́
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tiwa náà, Thomas Bowen, míṣọ́nárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Badagry ní 1850, àmọ́ nígbà tó padà wá ní 1853 pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Lurana ni nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ múlẹ̀, títí wọ́n fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti rí i pé obìnrin ló ń mú ilé míṣọ̀n dúró. Mo ń bá kíkà mi lọ.

Nọ́ọ̀sìPeckham
Ìyá, ẹ kú ilé. Ìlú Ọba la ti gbéra lọ, Accra la ti sìn, nínú tẹ́mpìlì, ilé tí ìjọ wa ti ń ṣe àwọn ìlànà mímọ́. Wọ́n ya tẹ́mpìlì yẹn sí mímọ́ ní oṣù Kìíní 2004, kí ti Aba tó tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹjọ 2005. Iṣẹ́ inú rẹ̀ tù wá lára, àmọ́ orí ìdúró ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ ra bàtà funfun tó rọ ẹsẹ̀. Kẹ́ ẹ rà á nílé, kẹ́ ẹ sì rà á tóbi díẹ̀ torí ẹsẹ̀ àgbà máa ń wú bó bá di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti oògùn torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Nínú fọ́ọ̀mù ìlera, ẹ sọ òótọ́ pátá. Ibi tí ìtọ́jú tó bá àìsàn yín mu wà ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó rán yín. Ẹni tó bá fi ẹ̀jẹ̀ ríru pamọ́, ó lè bá ara rẹ̀ níbi tí ilé ìwòsàn jìnnà sí. Ẹ mú oògùn oṣù bíi mélòó kan dání nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà tó kọ orúkọ oògùn fúnra rẹ̀, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un nìkan, torí páálí tẹ́ ẹ mọ̀ n'Íbàdàn lè má sí níbòmíì. Ẹ mú awò ojú méjì. Ẹ lọ rí dókítà eyín kẹ́ ẹ tó lọ. Káàdì ibà pọ́njú (yellow fever), ẹ má fi í sínú àpótí tó ń lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú, ọwọ́ ni kó wà.

Ẹ gbọ́ èyí náà: àwa ọmọ Nàìjíríà máa ń rò pé ibà ò lè ṣe wá ní nǹkan kan. Àwọn òyìnbó tó wà nílé kan náà pẹ̀lú wa ń lo oògùn ìdènà, wọ́n ń sùn nínú nẹ́ẹ̀tì, àwa ń rẹ́rìn-ín. Ara àgbà kì í ṣe ara ọ̀dọ́. Tí ara bá gbóná, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó lo oògùn ibà, kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà.

Àwọn òyìnbó náà nìyẹn, ẹ ó pàdé wọn. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má retí kí wọ́n yà sọ́dọ̀ yín láìpè. Ní aago 8 alẹ́, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pè wọ́n wá jẹun. A se ìrẹsì àti dòdò fún tọkọtaya kan láti Idaho l'Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ náà, ọjọ́ Àìkú kan kì í kọjá kí wọ́n má wá bi mí bí mo ṣe ń mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n tó.

Àkọ́bíWọn
Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ náà sọ tiẹ̀. Àwọn òbí mi lọ.

Ẹ máa lè pe àwọn ọmọ-ọmọ yín, mà. Àwọn ọ̀dọ́ gan-an ti ń pe ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù Kejì 2019, ti àwọn àgbà sì tún ṣí sílẹ̀ ju tiwọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ jí ní aago 6:30 tàbí kẹ́ ẹ máa kan ilẹ̀kùn kiri. A tiẹ̀ lọ kí àwọn òbí mi níbẹ̀.

Ohun tó ká wa lára ni ọmọ tuntun. Mo bí nígbà tí ìyá mi ò sí nílé. Ìyá mi ló wẹ ọmọ gbogbo ìdílé wa, òun ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Àbúrò wọn ló wá. Ìyá mi wà lórí WhatsApp, wọ́n ní ká gbé fóònù kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù: "Gbé e lórí sókè! Ọṣẹ ti pọ̀jù! Na apá rẹ̀ dáadáa!" Àbúrò wọn bínú, ó ní bóyá kí wọ́n kúkú wọkọ̀ wá wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín pa wá. Àmọ́ nígbà tí wọ́n pa fóònù, mo sunkún, mi ò ní purọ́.

Ẹ tún rò ó ti òkú. Àgbà ilé ni yín, ẹbí ò ní gbọ́ pé ẹ wà ní míṣọ̀n. Wọ́n lè gbà yín láyè láti wálé fún ìgbà díẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹbí tó le bá ṣẹlẹ̀, lówó ara yín, tí ààrẹ míṣọ̀n bá fọwọ́ sí i. Bàbá mi ti pe ìpàdé ẹbí kí wọ́n tó lọ. Wọ́n fi àbúrò wọn kan hàn níwájú gbogbo èèyàn pé òun ni yóò dúró fún wọn níbi ìsìnkú àti ìgbéyàwó, òun ni kí wọ́n fún ní aṣọ ẹbí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn papòdà lóòótọ́, àwọn kan kùn, ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ pé àwọn ò gbọ́. Ẹ pe ìpàdé yẹn, mà. Ẹ má fi lẹ́tà ṣe é.

Atúnwóṣe
Kúkúrú ni tèmi. Ẹ má fi náírà ṣírò ìnáwó yín. Owó ìlú tẹ́ ẹ̀ ń lọ ni kẹ́ ẹ fi ṣírò, sẹ́fà tàbí sídì, kẹ́ ẹ sì fi àyè sílẹ̀ bí náírà bá tún jábọ́. Ẹ ṣí àkáǹtì dọ́là, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì náírà nìkan lẹ́yìn odi. Tí bàbá bá wà lábẹ́ owó ìfẹ̀yìntì àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀, PTAD, àjọ tó ń bójú tó o, ti ní ètò "I Am Alive", láti fi hàn pé èèyàn ṣì wà láàyè, tí wọ́n lè ṣe lórí fóònù láti ibikíbi. Bó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ẹ lọ béèrè lójúkojú nípa àyẹ̀wò wọn kẹ́ ẹ tó gbéra, kí wọ́n má bàa yọ orúkọ wọn. Ilé yín, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ lé ayálégbé lọ́wọ́. Ọmọ tàbí agbẹjọ́rò ni kó máa gba owó ilé.

ÌyáBódìjà
Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo kà á sí bàbá létí láti òkè délẹ̀. Ibi ìkòkò ẹ̀wà yẹn, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wọ́n. Wọ́n ti gbé fọ́ọ̀mù padà sórí tábìlì. Wọ́n gbà ká kọ Kútọnu ṣáájú, kí Accra tẹ̀ lé e, torí àmàlà. Ìjà tó kù ni pé wọ́n ní oṣù 18, mo ní 12 torí ìyàwó àkọ́bí wa máa tó bímọ.

ỌmọỌ̀yọ́
Ẹ kọ 12, mà. Bí ẹ bá débẹ̀ tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè bẹ ààrẹ míṣọ̀n pé kí wọ́n fi kún un. Àwa náà fi kún tiwa.

BàbáÒkèÀdó
Kí bàbá sì bẹ̀rẹ̀ Faransé lónìí. Kì í ṣe lọ́la o.